Pásítọ̀ tó ránṣẹ́ pe òyìnbó kí ogun lè parí

Nígbàkigbà tí wọ́n bá pa èèyàn ní abúlé kan lórílẹ̀-èdè yìí, tí fídíò rẹ̀ sì ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn, mo máa ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan á ṣépè fún àwọn tó ṣe é. Àwọn kan á gbàdúrà. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ẹni tó máa ní kí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá, kí Amẹ́ríkà rán sójà wá, kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sí i, torí ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára àwọn tó ń ṣèjọba lé wa lórí. Ẹ ó tún rí ẹlòmíì tó máa bú u pé ẹrú òyìnbó ni, pé ibi tí òyìnbó bá wọ̀, kì í jáde bọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti kúrò lórí òkú tó wà nílẹ̀, tí á di ìjà àwa tó ń wo fídíò.

Èmi kì í sábà dá sí i. Kì í ṣe pé mi ò lérò. Ọkùnrin kan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ọkùnrin tó ti kú láti ọdún 1901. Ó gbé ìwé lọ sí Èkó láti bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n wá bá wa parí ogun tó ń jẹ ilẹ̀ Yorùbá run. Wọ́n wá lóòótọ́. Ogun náà parí lóòótọ́. Ohun tó tẹ̀ lé e la ṣì ń jẹ lónìí.

Samuel Johnson lorúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ orúkọ yẹn rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nítorí ìwé ńlá tó kọ lórí ìtàn àwa Yorùbá, ìwé tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí, bí àwọn tó kà á tán kò tilẹ̀ pọ̀. Òǹkọ̀wé la mọ̀ ọ́n sí. Àwọn tó bá a láyé mọ̀ ọ́n sí nǹkan míì: pásítọ̀ tó ń rin àárín bùdó ogun méjì, tí lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1846, ní ìlú kan tó ń jẹ́ Hastings ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Bàbá rẹ̀, Henry Erugunjinmi Johnson, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, wọ́n sì máa ń tọ́ka ìdílé náà sí Aláàfin Abíọ́dún. Ogun ló kó bàbá náà lẹ́rú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń gba ẹrú sílẹ̀ lójú òkun ló jẹ́ kó di olómìnira ní Sàró, níbi tó ti di Kristẹni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ibi yìí. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ẹni tí ọkọ̀ ojú omi òyìnbó gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, ojú tí ẹ ó fi wo òyìnbó kò lè jọ ojú tí èmi àti ẹ̀yin fi ń wò ó lónìí. Lójú Johnson, òyìnbó ni ẹni tó já okùn lọ́rùn bàbá òun.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọmọ náà pé ọdún méjìlá, ìdílé rẹ̀ padà sílẹ̀ Yorùbá. Míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì kan, David Hinderer, tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ CMS ní Ìbàdàn, ló kó wọn dání. Kúdẹtì ni wọ́n dé sí, ibẹ̀ náà ni Johnson ti lọ sílé ẹ̀kọ́. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ tí ogun Ìjàyè fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ìbàdàn àti Ìjàyè ń pa ara wọn. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, wọ́n sì dí ọ̀nà, ohunkóhun kò ráyè ti etíkun dé Ìbàdàn bó ṣe yẹ. Ebi mú ilé Hinderer gan-an. Ìyàwó rẹ̀, Anna, ń ta àwọn ohun èlò ilé kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lè jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Johnson nígbà náà. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ ní ohun tí ogun jẹ́, ebi ti kọ́ ọ.

Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, ó parí níbẹ̀ ní 1865, ó sì padà sí Ìbàdàn láti máa kọ́ àwọn ọmọdé. Ó ń ṣiṣẹ́ ìjọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ní Kúdẹtì àti ní Àrẹ̀mọ. Olùkọ́ tí kò lówó lọ́wọ́, tí kò ní ìbọn, ní ìlú tó jẹ́ pé ìbọn àti ẹrú ni wọ́n fi ń mọ ẹni ńlá. Ṣùgbọ́n ó ní etí, ó sì ní bébà. Àwọn tó ja ogun àtijọ́ ṣì wà láàyè, ó ń bi wọ́n léèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní 1877, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, gbé ogun ti àwọn Ẹ̀gbá. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ẹ̀tù ìbọn ló dá a sílẹ̀: Ìbàdàn ń wá ọ̀nà tí ohun ìjà máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti etíkun, àwọn tó wà lójú ọ̀nà náà kò sì fẹ́ kó rí i gbà. Àwọn Ìjẹ̀bú náà ti ọ̀nà tiwọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Èkìtì dìde. Ìbàdàn ti fi àwọn ajẹ́lẹ̀ sí ìlú wọn, ìyẹn àwọn aṣojú tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣe bó ṣe wù wọ́n pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ onílùú. Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tó wà ní ìlú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di iṣu ata yán-an-yàn-an. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kóra jọ, wọ́n di Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé Iléṣà sì wá di ọ̀gá àwọn jagunjagun wọn.

Nígbà tó fi máa di 1880, ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjèèjì ti tẹ̀dó síwájú ara wọn láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Kírìjì. Wọ́n ní ìró ìbọn ńlá ló fún ibẹ̀ lórúkọ. Bùdó náà kì í ṣe àtíbàbà lásán mọ́. Ilé alámọ̀ ni wọ́n kọ́, ọjà ń ná, wọ́n ń bí ọmọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó sì ń fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé, irú èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí, tó ń yìn kíákíá ju ṣakabùlà lọ. Ẹni tí kò sí lójú ogun ló ń rán ohun tí wọ́n fi ń jà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí bí àwọn tó wà lókè òkun ṣe ń dáná sí ìjà ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ọdún 1880 yẹn náà ni wọ́n fi Johnson jẹ díákónì. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, ìlú àwọn bàbá rẹ̀, kó wá máa ṣe pásítọ̀ níbẹ̀. Ọ̀yọ́ ni Aláàfin Adéyẹmí Kìíní wà. Ní orúkọ, òun ni olórí Ìbàdàn. Ní ti gidi, Ìbàdàn lágbára jù ú lọ, wọ́n sì ń fura sí i pé ó ń bá àwọn ọ̀tá àwọn dọ́rẹ̀ẹ́ lábẹ́lẹ̀. Àwọn Èkìtì náà kò fọkàn tán an, torí lójú tiwọn, Ọ̀yọ́ ni Ọ̀yọ́ ń jẹ́. Ọba tí kò lágbára láti dá ogun dúró, tí kò sì ṣeé yọ kúrò nínú rẹ̀: ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni pásítọ̀ wa dé sí.

Ní 1881 ni Aláàfin pinnu pé kí òun ránṣẹ́ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Johnson ló bá a kọ ìwé náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, òun náà ni wọ́n ní kó gbé e lọ, pẹ̀lú ìránṣẹ́ ọba. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀: kí ìjọba ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá dá sí ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n la àwọn tó ń jà, kí ilẹ̀ lè sinmi. Ìrìn àjò yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà etíkun kò fẹ́ kí òyìnbó tẹsẹ̀ bọ inú ilẹ̀, torí ọ̀nà yẹn ni oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ẹni tó bá gbé lẹ́tà pe òyìnbó, ó ń gbé ẹ̀tù ìbọn sínú àpò aṣọ ni.

Ó dé Èkó, ó jíṣẹ́. Àwọn aláṣẹ níbẹ̀ gbọ́, wọ́n sì rán ènìyàn lọ wádìí lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì. Kí ni London wá ṣe? Wọn kò fẹ́ ná owó, wọn kò sì fẹ́ gbé ẹrù ìjà tó wà nínú igbó tí kì í ṣe tiwọn. Wọ́n ní kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba táwọn máa rán lọ. Ọ̀rọ̀ sì wọ́lẹ̀ síbẹ̀.

Èmi kò mọ bó ṣe rí lára pásítọ̀ náà, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Mo kàn mọ iye ọdún tó wà láàárín ìwé àkọ́kọ́ yẹn àti ọjọ́ tí wọ́n dáwọ́ ìbọn dúró ní Kírìjì. Ọdún márùn-ún ni. Láàárín ọdún márùn-ún yẹn, wọ́n ń kú lójoojúmọ́. Ìjà tú Ilé-Ifẹ̀ ká, àwọn ọmọ Ifẹ̀ di ìsáǹsá ní abúlé. Míṣọ́nnárì kan láti CMS, J. B. Wood, lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní bùdó ní 1884, ó tún lọ ní 1885, kò bọ́ sí i. Ààrẹ Látòósà alára kú sí bùdó ní 1885, láìfojú kan Ìbàdàn mọ́. Ẹni tó bá ní kò yẹ kí Johnson pe ará ìta, ẹ ní kó kọ́kọ́ ka ọdún márùn-ún yẹn ná.

Ní 1886, nǹkan yí padà. Wọ́n ti ya ìṣèjọba Èkó sọ́tọ̀ kúrò lábẹ́ Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, Alfred Moloney sì ni gómìnà. Ìlú Èkó nílò òwò, ogun sì ń pa òwò. Moloney gbà láti ṣe alárinà, ṣùgbọ́n kò rán òyìnbó. Àwọn pásítọ̀ Yorùbá méjì ló rán. Charles Phillips, tó wà ní Oǹdó, tó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, lọ sọ́dọ̀ àwọn Èkìtìparapọ̀. Johnson lọ sọ́dọ̀ Aláàfin àti àwọn ará Ìbàdàn.

Mo kẹ́kọ̀ọ́ òfin, nítorí náà bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ yìí máa ń dá mi lọ́rùn. Ẹgbẹ́ méjèèjì kò jókòó pọ̀. Wọn kò fọkàn tán ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ kọ̀ọ̀kan ló jókòó ti àwọn tirẹ̀, ó gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́, ó gbọ́ ohun tí wọn kò lè gbà láéláé, ó sì gbé e padà. Ìbàdàn kò fẹ́ fi àwọn ìlú tó bá wọn jà sílẹ̀. Èkìtì kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ajẹ́lẹ̀ mọ́. Ifẹ̀ ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ àwọn. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ kúrò ní bùdó, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ kẹ́yìn sí ọ̀tá ni wọ́n máa yìnbọn sí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó máa kọ́kọ́ gbéra yìí jọ ohun kékeré létí wa, àmọ́ òun gan-an ló lè tú gbogbo rẹ̀ ká. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò ẹni ìta tí yóò dúró láàárín.

Ìwé àdéhùn náà jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1886. Aláàfin wà nínú rẹ̀, Ọwá Iléṣà wà níbẹ̀, àwọn ọba Èkìtì, Ọọ̀ni, Awùjalẹ̀, àwọn ìjòyè Ìbàdàn, Ògèdèǹgbé, àwọn olórí Mọ̀dákẹ́kẹ́. Wọ́n fẹnu kò pé ogun parí. Àwọn ìlú Èkìtì gba òmìnira wọn. Ìgbájọ, Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì àti Àdá dúró sọ́dọ̀ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ará ìlú tí kò bá fẹ́ dúró lè kó ẹrù rẹ̀. Ní ti Aláàfin àti Ọwá, wọ́n ní kí wọ́n máa jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fún ara wọn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó rárá. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń parí ìjà nínú agbo ilé ló lè ronú rẹ̀: kí ẹnì kan jẹ́ ẹ̀gbọ́n láìjẹ́ pé èkejì di ẹrú.

Ní ti Mọ̀dákẹ́kẹ́, wọ́n ní kí wọ́n kúrò níbi tí wọ́n wà, kí àwọn tó bá fẹ́ bá Ìbàdàn ṣe lọ tẹ̀dó sí ilẹ̀ tó wà láàárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀bà.

Ohun kan tún wà nínú ìwé náà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà dé. Àwọn ọba gbà pé bí ìjà bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn, ọ̀dọ̀ gómìnà Èkó ni àwọn máa gbé ẹjọ́ náà lọ, kó parí rẹ̀. Lọ́dún yẹn, lójú ẹni tó ti ja ogun fún ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ yẹn mọ́gbọ́n dání. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹnì kan tí tọ̀tún tòsì gbà. Kí ló dé tí wọn ò ní máa lọ bá a? Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí àṣẹ náà máa parí. Kò sí ohun tí àwọn ọba lè ṣe bí gómìnà bá dájọ́ tí kò tọ́. Kò sí ibi tí àṣẹ rẹ̀ mọ. Bí oníbàárà bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá mi lónìí, mi ò ní jẹ́ kó fọwọ́ sí i.

Nǹkan míì tún wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, àwọn tó sì tẹ̀ àmì ọwọ́ wọn sí i kò lè kà á. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ni ohun tí Johnson àti Phillips là yé wọn. Mi ò sọ pé àwọn pásítọ̀ náà parọ́. Kò sí ìdí kankan láti rò bẹ́ẹ̀. Mò ń sọ pé ẹnu èèyàn méjì ni odindi ilẹ̀ Yorùbá gbé ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ lé.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, àwọn òyìnbó méjì tí gómìnà rán, Higgins àti Smith, dúró ní Kírìjì, Johnson àti Phillips sì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n kéde àlàáfíà. Àwọn jagunjagun palẹ̀ mọ́, wọ́n tiná bọ bùdó, èéfín sì gba ojú ọ̀run. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọn ò mọ ilé míì, rí i tí ìlú wọn jóná, wọ́n sì sọ fún wọn pé ohun rere ni. Bí Johnson bá kú lọ́jọ́ yẹn, akọni tí kò lábùkù la ó máa pè é.

Àmọ́ kò kú, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán. Mọ̀dákẹ́kẹ́ kọ̀, wọn ò kúrò. Ìlọrin kò sí nínú àdéhùn náà, wọ́n ń bá Ọ̀fà jà lọ, Ọ̀fà sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1887. Ìbàdàn kò lè darí sílé, wọ́n tún lọ tẹ̀dó sí Ìkìrun láti kojú Ìlọrin. Ọdún méje gbáko tún kọjá.

Ìjọba Èkó tí wọ́n ní kò ní ná owó sí ọ̀rọ̀ wa náà ti yí ohùn padà. Àwọn Faransé ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn, Gẹ̀ẹ́sì kò sì fẹ́ kí wọ́n gba ibi tí òwò wà. Ní 1892, wọ́n fi ìbọn arọ̀jò-ọta ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1893, gómìnà tuntun, Gilbert Carter, rin ilẹ̀ Yorùbá já pẹ̀lú sójà, ó bá Ẹ̀gbá ṣàdéhùn, ó bá Ọ̀yọ́ ṣàdéhùn, ó sì ní kí Ìbàdàn àti Ìlọrin tú bùdó wọn ká. Wọ́n tú u ká. Ogun ọdún mẹ́rìndínlógún parí, tí gbogbo èèyàn sì mí kanlẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, aṣojú òyìnbó pẹ̀lú sójà rẹ̀ wá jókòó sí Ìbàdàn, Captain Bower lorúkọ rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1895, lórí àríyànjiyàn ẹni tó láṣẹ láti dájọ́, Bower yin àgbá lu Ọ̀yọ́. Aláàfin Adéyẹmí sá kúrò láàfin. Ọba yìí náà ni o, tó fi lẹ́tà pe Gẹ̀ẹ́sì ní 1881. Ọ̀yọ́ yìí náà sì ni ìlú tí Johnson ń ṣe pásítọ̀ rẹ̀. Ẹni tó kọ ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wá fòpin sí ìró ìbọn, ìbọn àwọn tó bẹ̀ ló dún ní ìlú rẹ̀.

Ṣé Johnson ló wá ta wá? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan, mi ò gbà. Ìpàdé Berlin, níbi tí àwọn ìjọba Yúróòpù ti fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa pín ilẹ̀ Áfíríkà, parí ní oṣù Kejì ọdún 1885. Kò sí pásítọ̀ Ọ̀yọ́ kankan níbẹ̀. Pẹ̀lú lẹ́tà tàbí láìsí lẹ́tà, wọ́n ń bọ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú kò pe ẹnikẹ́ni, wọ́n tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ohun tó dé bá wọn ju ti àwọn tó pè lọ. Ẹ tún rántí ohun tí mo ní kí ẹ má gbàgbé: ọmọ ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lóko ẹrú ni. Ní ogun Kírìjì, tí wọ́n bá mú èèyàn, ẹrú ló ń dà. Òmìnira tí à ń sọ pé wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, ta ló ní in nígbà náà? Ẹ bi ẹrú tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ní bùdó.

Ṣùgbọ́n mi ò ní wẹ̀ ẹ́ mọ́ tán. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ìwé rẹ̀ sì fi hàn pé ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo gbogbo wa. Àwọn Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ifẹ̀ ṣì ń bínú sí i títí dòní, wọ́n sì rí ohun bínú sí. Àṣìṣe rẹ̀ tó ga jù lójú mi ni pé ó gbà pé ẹni tó bá lè pa iná ìjà, onínúure ni. Onílàjà lè wá torí òwò. Ó lè wá torí àtilé ọ̀tá rẹ̀ jìnnà. Ó sì lè parí ìjà yín dáadáa bó ṣe wá torí tara rẹ̀ yẹn. Àwọn nǹkan méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ pa pọ̀, ibẹ̀ ló ti ṣòro fún un, ibẹ̀ ló ti ń ṣòro fún àwa náà.

Ibì kan tún wà tó ń dùn mí. Gbogbo ohun tí wọ́n gbé síwájú gómìnà, kò yanjú èyí tó nira jù, ìyẹn Mọ̀dákẹ́kẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú bébà, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Láàárín 1997 sí 2000, Ifẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́ tún pa ara wọn nípakúpa, àwọn tó wà nínú wa tí wọ́n ti lé lọ́gbọ̀n ọdún gbọ́ ọ nínú ìròyìn nígbà tí a wà lọ́mọdé. Àlàáfíà tí ará ìta bá là sílẹ̀ fún aládùúgbò méjì, tí àwọn fúnra wọn kò jókòó sọ, ó lè pẹ́ o, àmọ́ ó máa padà wá gba gbèsè rẹ̀.

Ní 1888 ni wọ́n ti fi Johnson jẹ àlùfáà ní kíkún, Ọ̀yọ́ ló sì wà títí ayé rẹ̀ fi parí. Ó kó gbogbo ohun tó ti ń kọ sílẹ̀ láti kékeré jọ, ó sì parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì àti Róòmù, wọn ò mọ tiwọn. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ, ó dàwátì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1901, Johnson kú, láìrí ìwé náà lójú.

Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, tó tún un kọ. Ní 1916, ó fi í sínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Appam, kí wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ ogun Jámánì kan gba ọkọ̀ náà lójú òkun, ó sì darí rẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ìwé náà pẹ́ kó tó tún jáde síta. Obadiah kú ní 1920. Ọdún 1921 ni ìwé jáde. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó fi ayé rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kí ogun dáwọ́ dúró, ogun àwọn òyìnbó tó bẹ̀ ló tún fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ mì.

Bí mo bá tún rí àwọn tó ń jà lábẹ́ fídíò, ohun tí mo fẹ́ máa bi wọ́n nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí wọ́n wá, kí ni wọ́n máa ṣe bí wọ́n bá dé, ọjọ́ wo ni wọ́n máa lọ, ta ló sì máa ka ìwé àdéhùn náà fún ará abúlé ní èdè tó gbọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ní kí wọ́n má wá, ọdún márùn-ún mélòó ni ẹ fẹ́ kí àwọn tí wọ́n ń pa fi máa dúró dè yín? Johnson kò dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, ó sì ná wa ní nǹkan púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sá fún èkejì. Ó gbé lẹ́tà rẹ̀, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà.